Píìnì Tó Le Tinú Tòde

Nígbà tí Ògúnmọ́dẹdé bá ń lu irin ní Ìlobù, àwọn adìyẹ tó wà ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun á gbórí sókè, wọn á rò pé òjò ń bọ̀. Atẹ́gùn ewìrì rẹ̀ le débi pé àwọn obìnrin àdúgbò a máa sá aṣọ wọn sẹ́yìn ilé rẹ̀ nígbà òjò, aṣọ á sì gbẹ kí wọ́n tó nu ọwọ́ tán. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kí ó lọ bi àwọn àgbà Ìlobù. Bí wọ́n bá sì sẹ́, ìgbàgbé ló ń dé sí wọn, nítorí ojú wọn ló ṣe.

Ọkùnrin náà kúrú, ó sì fẹ̀ bí odó. Ọdún tí eéṣú bo ojú ọ̀run ni wọ́n bí i, ìdí nìyẹn tí ariwo kì í fi í dẹ́rù bà á. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó fi ẹ̀mú fa paramọ́lẹ̀ yọ láàárín èédú, ó ní òun ṣèbí okùn ewìrì ni. Nígbà tó dàgbà, agbowó-orí dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó rí i pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́ àti òógùn lójú, ó kí i kú iṣẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò bẹ̀rù òkùnkùn, kò bẹ̀rù àna rẹ̀. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ni ọkùnrin yìí mọ̀ láyé. Ẹ̀rù náà kò gùn ju ọwọ́ èèyàn lọ, irin ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì lù ú.

Ogun ń jà lápá ìlà-oòrùn nígbà yẹn, ní ọdún 1969. Ẹ̀yà ọkọ̀ wọ́n ju góòlù lọ. Awakọ̀ lè wá a dé Ìbàdàn, kí ó wá a dé Èkó, kí ó sì padà wálé pẹ̀lú búrẹ́dì nìkan. Èyí tó sì ń tètè jẹ lára ọkọ̀ ni píìnì iwájú, irin róbótó tí táyà fi ń yí sọ́tùn-ún àti sósì. Yanrìn ojú ọ̀nà wa a máa lọ̀ ọ́ bí ọlọ ṣe ń lọ ata. Bí ó bá ti jẹ, táyà á máa mì bí eyín ọmọ tó fẹ́ pààrọ̀ eyín. Bí àwọn awakọ̀ ṣe di ará ilé Ògúnmọ́dẹdé nìyẹn.

Bí ó ṣe ń ṣe é nìyí, ẹ̀kọ́ tó gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ni. Irin rírọ̀ ni yóò mú. Yóò lù ú róbótó, yóò fi fáìlì rẹ́ ẹ. Yóò wá kó egungun màlúù tó ti sun di èédú, àti pátákò ewúrẹ́ àti ìwo àgbò tí a gún kúnná, pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, sínú àpótí irin kékeré kan. Yóò sin píìnì náà sáàárín wọn, yóò fi amọ̀ dí àpótí náà pa kí atẹ́gùn má ráyè wọlé, yóò sì tì í sínú iná láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi yẹ àtàrí. Gbogbo agbára egungun náà á máa wọ awọ ara irin díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá tó, yóò tú u, yóò gbé irin pípọ́n náà jù sómi, omi á sì de agbára náà mọ́ ọn lára. Awọ ara á le débi pé fáìlì á máa yọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹsẹ̀ lórí ẹrẹ̀, yanrìn kò sì ní rí i jẹ. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ á ṣì rọ̀, á lè gba kòtò àti gegele mọ́ra.

“Bí àgbà rere ni,” Ògúnmọ́dẹdé máa ń wí. “Ojú rẹ̀ le, inú rẹ̀ rọ̀. Irin tó bá le tinú tòde, àwo tánńganran ni. Ọjọ́ tó bá jábọ́, ìgbálẹ̀ lẹ ó fi kó o.”

Omi ni ọ̀tá kejì tí irin ní. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé lọ́dọọdún, Ẹfúnróyè ìyàwó rẹ̀ á po àdín mọ́ dúdú ìdí ìkòkò, á fi pa gbogbo ọ̀pá irin tó wà nínú ilé àgbẹ̀dẹ. Ọkọ rẹ̀ á wá yan wọ́n lójú iná títí epo náà á fi gbẹ mọ́ wọn lára. Ìpẹtà kì í rí ibi wọ̀ wọ́n. Àbùkù ibẹ̀ ni pé gbogbo irin á wá dúdú bákan náà. Irin rírọ̀ àti irin tó ti ara sípíríǹgì ọkọ̀ wá, èyí tó ti le látinú oyún, ojú kò lè yà wọ́n mọ́. Nítorí èyí, àṣà ilé wọn ni kí wọ́n so màrìwò, imọ̀ ọ̀pẹ tútù, mọ́ gbogbo irin sípíríǹgì lọ́rùn. Aṣọ Ògún ni màrìwò, ẹni líle ló sì ń wọ aṣọ Ògún. Irin tí kò bá ní màrìwò lọ́rùn, rírọ̀ ni. Irin tó bá ní, kò gbọdọ̀ wọ inú àpótí egungun.

Ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, awakọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Jàlálù. Ó ní ọkọ̀ akẹ́rù kan tí wọ́n kọ “Ìbẹ̀rù Ọlọ́run” sí lórí iwájú, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń wà á. Bí ọjà Òṣogbo bá ti pé, yóò kó àwọn ará Ìfọ́n àti iṣu wọn, yóò gba àárín Ìlobù kọjá, yóò sì gun afárá odò Ẹ̀rìnlẹ̀. Mùsùlùmí òdodo ni, kì í fẹ́ kí ohun òrìṣà kan ara òun tàbí ara ọkọ̀ òun. Lọ́dún náà, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì tún ti gbóná. Àwọn tó ń fẹ́ ọmọ ara wọn ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá bí ẹni tí kò ríran. Ṣùgbọ́n píìnì kò mọ ààlà. Nígbà tí ti ọkọ̀ Jàlálù jẹ, ó ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀.

Ògúnmọ́dẹdé ro ti ọ̀wọ̀ àlejò. Kí oòrùn tó yọ, ó rìn yí ilé àgbẹ̀dẹ ká, ó já màrìwò ẹnu ọ̀nà, ó já ti ìdí owú tó ń lu irin lé lórí, ó já èyí tó wà lọ́rùn irin, ó kó gbogbo rẹ̀ dà sẹ́yìn ilé. Ẹfúnróyè bi í pé báwo ni yóò ṣe dá irin mọ̀.

“Ìyá Dúró, ṣé o máa ń so màrìwò mọ́ àwọn ọmọ rẹ lọ́rùn kí o tó mọ̀ wọ́n?” ó dá a lóhùn. “Irin mi mọ̀ mí, mo mọ̀ ọ́n.”

Jàlálù dé, ó bẹ̀rẹ̀ kí i, nítorí pé Ògúnmọ́dẹdé tó bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ orí. “Àrọ̀ yè o, bàbá. Ẹ kú iṣẹ́.”

“Ògún á gbè ọ́,” ni alágbẹ̀dẹ wí. Ó rántí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ó sì yára fi kún un pé, “Ọlọ́run náà á gbè ọ́.”

“Àmín. Mo rí i pé ẹ ti gbálẹ̀ dè mí.”

“Kí ni kí n ṣe? Kí ará Ìfọ́n lè délé, kí ó máa wí pé ará Ìlobù kò mọ àlejò í ṣe?”

“Ará Ìfọ́n kì í sọ̀rọ̀ èèyàn lẹ́yìn, bàbá.”

“Ojú èèyàn ni ẹ ti ń sọ ọ́, kó lè tètè dùn ún.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Bí ẹ̀rín náà ṣe ń lọ lọ́wọ́, Ògúnmọ́dẹdé na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fa irin kan yọ láìwo ẹ̀yìn, ó tì í bọ iná. Jàlálù kò fẹ́ jókòó lásán. Ó ká ọwọ́ dàńṣíkí rẹ̀ sókè, ó di ewìrì mú, ó sì ń fín in. Nígbà tí irin pọ́n, alágbẹ̀dẹ gé ìwọ̀n tó fẹ́, ó sì sọ ìyókù sínú ọpọ́n omi kí ó tutù. Ó gbé ti píìnì lé owú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú.

Irin náà sọ̀rọ̀. Ó ń dún gan-an-gan-an, kò dún bí irin rírọ̀ ṣe máa ń dún, òòlù sì ń ta padà sókè. Àní Jàlálù tí kì í ṣe alágbẹ̀dẹ gbọ́ ọ.

“Èyí tí ẹ lù fún mi léṣìí kò ké báyìí,” ó ní.

“Òòlù ló ń kọrin fún ọ. Ẹ kì í gbọ́ irú rẹ̀ ní Ìfọ́n.”

Nígbà tó ń fi fáìlì rẹ́ ẹ, fáìlì kò jẹ ẹ́ dáadáa. Ó ní fáìlì náà ti darúgbó ni. Ẹnu rẹ̀ kò sinmi ní gbogbo ọjọ́ náà: ó ń sọ ti ọkọ̀ tí òun fi ọwọ́ kan gbé kúrò nínú kòtò, ó ń sọ ti òyìnbó tó fẹ́ fi òun jẹ ọ̀gá ilé iṣẹ́ rélùwéè. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kì í gbọ́ ti irin. Ó sin píìnì náà sínú àpótí egungun, ó tì í bọ iná; nígbà tí oòrùn yẹ̀, ó tú àpótí, ó ju píìnì sómi, omi hó ṣàà. Ó dán fáìlì wò lára rẹ̀, fáìlì yọ̀ bí ẹni tó tẹ ilá. Ó fi àdín pa á, ó fi lé Jàlálù lọ́wọ́.

“Gbà. Píìnì yìí ni yóò sin ọkọ̀ rẹ. Bí o bá sì ṣaláìsí, kí àwọn ọmọ rẹ yọ ọ́ fi pín ogún.”

“Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí wọ́n tètè pín in,” ni Jàlálù wí. Ó lọ sílé lọ fi sí ọkọ̀, nítorí pé ọjọ́ kejì ni ọjà.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́. Ẹfúnróyè fẹ́ ìkọ́ kan tí yóò máa fi kọ́ ẹran sókè ààrò, ó sì wá sí ilé àgbẹ̀dẹ. Ògúnmọ́dẹdé wo inú ọpọ́n omi, ó rí ìyókù irin àná. Ó ní irin rírọ̀ ni, kò nílò iná, òun á tẹ̀ ẹ́ ní tútù báyìí. Ó gbé e lé etí owú, ó fi òòlù kàn án lẹ́ẹ̀kan.

Irin náà kò tẹ̀. Ó ṣẹ́ páú bí igi gbígbẹ, ìdajì rẹ̀ sì fò kọjá létí Ẹfúnróyè lọ lu ògiri.

Ògúnmọ́dẹdé bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Irin rírọ̀ kì í ṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí o bá tilẹ̀ fi tipá já a, inú rẹ̀ á rí bọ́sọ́bọ́sọ́ bí okùn tó já. Ojú èyí funfun, wínníwínní, bí iyọ̀. Irin sípíríǹgì ni. Gbogbo ohun tí irin ti sọ fún un lánàá padà wá sí etí rẹ̀, igbe tó ké lórí owú, fáìlì tí kò jẹ ẹ́, àti màrìwò tó kó dà sẹ́yìn ilé pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Irin tó ti le tẹ́lẹ̀ ló gbé sínú egungun, tó sì tún jù sómi. Kò sí rírọ̀ kankan nínú píìnì yẹn. Àwo tánńganran ló wà lábẹ́ ọkọ̀ Jàlálù.

Ó jókòó lórí owú, ohun tí alágbẹ̀dẹ kì í ṣe láyé.

“Bàbá Dúró, kí ló dé?”

Ó nawọ́ irin sí i. Obìnrin tó ti ń pa irin lépo láti ìgbà tó ti délé ọkọ kò nílò àlàyé. Ó wo ojú irin, ó wo ojú ọkọ rẹ̀.

“Mélòó ló máa ń wọ ọkọ̀ náà?” ó bèèrè.

“Gbogbo Ìfọ́n ni.”

“Ó lè má ṣẹ́.”

“Ó lè má ṣẹ́ lónìí. Bí ó bá ko kòtò lórí afárá Ẹ̀rìnlẹ̀ ńkọ́?”

Ògúnmọ́dẹdé rí afárá náà ní ọkàn rẹ̀. Ó rí táyà tó dojú kọ odò nígbà tí ọkọ̀ dojú kọ Òṣogbo. Èrò kan sì yọ́ wọlé sí i, pé bí òun bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Ẹfúnróyè rí èrò náà lójú rẹ̀ bí ẹni rí eṣinṣin lórí ọbẹ̀.

“Bí ó bá ṣẹ́, wọn kò ní sọ pé irin ló ṣẹ́,” ó ní. “Wọ́n á ní Ìlobù ló pa wọ́n. Lọ́dún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí. Ẹ dìde, ẹ máa lọ.”

Kò lè dúró dè wọ́n lójú ọ̀nà Ìlobù, nítorí pé kò sí ọkọ̀ Ìfọ́n tó ń dúró fún ẹni tó bá nawọ́ ní Ìlobù nígbà náà, píìnì náà sì lè ṣẹ́ níbikíbi. Ó gbé kẹ̀kẹ́, ó ti òòlù bọ àpò, ó sì kọjú sí Ìfọ́n-Ọ̀ṣun. Àwọn tó rí i lọ́jọ́ náà sọ pé irùngbọ̀n rẹ̀ dúdú nígbà tó kúrò ní Ìlobù, pé nígbà tó máa fi dé Ìfọ́n, ó ti funfun títí dé àgbọ̀n. Mi ò rí ìdí tí wọ́n fi máa purọ́. Kẹ̀kẹ́ náà ń sá bí ẹṣin, síbẹ̀ lójú rẹ̀ ó ń wọ́ bí ìgbín. Gbogbo ìró tó bá gbọ́ níwájú, ó ń ṣe é bí ẹni pé ọkọ̀ ló ń bọ̀, pé irin ló ń ṣẹ́.

Níbi oko tí ìlú méjèèjì ń jà lé lórí, ọkùnrin Ìfọ́n méjì bọ́ sí ojú ọ̀nà pẹ̀lú àdá. Wọ́n dá a dúró.

“Ẹ kú ìrìn, bàbá. Níbo lẹ ń lọ?”

“Mo ń lọ kí èèyàn ní Ìfọ́n.”

Ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ kan àpò rẹ̀. “Pẹ̀lú òòlù?”

“Alágbẹ̀dẹ ni mí. Bí n kò bá mú òòlù dání, wọn kì í dá mi mọ̀.”

Wọ́n wo ara wọn. Èkejì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. “Ẹ máa lọ. Ẹ tètè padà o, ojú ọjọ́ kò dáa.” Ògúnmọ́dẹdé gun kẹ̀kẹ́ lọ, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sì ń yún un títí tó fi ṣẹ́ kọ́nà, bí ẹni pé àdá náà ṣì ń wò ó.

Nígbà tó dé ibùdókọ̀ Ìfọ́n, ọkọ̀ ti kún. Àwọn ìyá ti jókòó lórí pákó pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn wọn, iṣu ti ga dé òrùlé, Hàfúsátù ìyàwó Jàlálù tó lóyún wà níwájú, ẹ́ńjìnnì sì ń gbọ̀n. Ògúnmọ́dẹdé ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó lọ dúró síwájú ọkọ̀, ó tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ tì í padà.

Jàlálù yọrí. “Bàbá, ṣé kò sí o?”

“Pa á. Jọ̀ọ́, pa ẹ́ńjìnnì. Kí gbogbo èèyàn sọ̀kalẹ̀.”

Ariwo sọ. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Jímọ́ọ̀, iṣu tirẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ọkọ̀ náà. Ó bẹ́ sílẹ̀ láti ẹ̀yìn.

“Ṣé alágbẹ̀dẹ Ìlobù kọ́ nìyí? Ẹ ti gba oko lọ́wọ́ wa, ó wá ku ọjà?”

“Píìnì tí mo lù kò dáa,” ni Ògúnmọ́dẹdé wí. “Ó le tinú tòde. Ó lè ṣẹ́.”

“Ẹ sọ fún mi lánàá pé yóò sin ọkọ̀ yìí,” ni Jàlálù wí jẹ́jẹ́.

“Mo sọ ọ́.”

“Ẹ ní kí àwọn ọmọ mi fi pín ogún.”

“Mo sọ ìyẹn náà.”

Jímọ́ọ̀ yíjú sí àwọn èrò. “Ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Bí píìnì bá burú, òun ló mọ̀ọ́mọ̀ lù ú bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sì burú, ó wá ba ọjà wa jẹ́ ni. Èwo nínú méjèèjì ni kí á gbà?”

Ògúnmọ́dẹdé rò ó wò. Òótọ́ ni. Bí píìnì bá ṣẹ́, òun ni apààyàn. Bí kò bá ṣẹ́, òun ni òpùrọ́. Ó fi òòlù tilẹ̀ bí ọ̀pá.

“Yọ ọ́,” ó sọ fún Jàlálù. “Jẹ́ kí n lù ú lójú gbogbo èèyàn.”

Wọ́n sọ̀kalẹ̀, pẹ̀lú ìkùnsínú. Wọ́n fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, Jàlálù dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó sì fi ẹ̀sọ̀ ti píìnì jáde. Ó ń dán, ó lẹ́wà. Kò sí ojú tó lè wò ó kí ó sọ pé ikú wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbé orí rẹ̀ lé òkúta kan, wọ́n gbé ìdí rẹ̀ lé òmíràn, àárín rẹ̀ sì wà lófìfo. Àwọn èrò ṣù bò wọ́n.

Gbogbo ọjọ́ ayé Ògúnmọ́dẹdé ló fi ń bẹ Ògún pé kí irin òun má ṣẹ́. Lọ́jọ́ náà, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣẹ́. Ó gbé òòlù sókè, ó lù ú.

Píìnì náà dún gan-an, ó fò sókè, ó sì balẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ láìní àléébù kankan.

“Ẹ ti rí i báyìí,” ni Jímọ́ọ̀ wí. Àwọn ọkùnrin méjì kan ti sún mọ́ ẹ̀yìn alágbẹ̀dẹ. Ó gbọ́ èémí wọn. Ó gbé píìnì padà sórí òkúta, ó já bọ́, ó tún un gbé. Ó di òòlù mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó lù ú bí ẹni tí kò ní lu irin mọ́ láyé.

Ó ṣẹ́. Ìdajì kan bọ́ síbí, ìdajì kan fò lọ sí ìdí táyà. Jàlálù lọ mú èyí tó wà ní ìdí táyà, ó wo ojú rẹ̀ funfun wínníwínní, ó yíjú sí ibi tí ìyàwó rẹ̀ dúró sí pẹ̀lú ọwọ́ níkùn. Ó jókòó sílẹ̀ sínú erùpẹ̀.

“Wọ́n fẹ́ pa wá,” ohùn kan wí lẹ́yìn. “Ìlobù fẹ́ pa wá.” Ọ̀rọ̀ náà ń ràn láti ẹnu sí ẹnu bí iná inú ọyẹ́. Jímọ́ọ̀ ti di aṣọ Ògúnmọ́dẹdé mú lọ́rùn. Kò jà. Ó ti rò ó lójú ọ̀nà pé ibí ni ọ̀rọ̀ náà máa já sí.

“Ẹ fi í sílẹ̀,” ni Jàlálù wí. Ó dìde. “Èmi ni mo fín ewìrì.”

Wọ́n wò ó.

“Ọwọ́ mi yìí ni mo fi fín in láti àárọ̀ títí ó fi parí. Irin náà ń ké lójú mi, mo sọ ọ́, a sì jọ fi ṣe ẹ̀rín. Bí ó bá fẹ́ pa wá, a jẹ́ pé a jọ fẹ́ pa wá ni.” Ó yíjú sí alágbẹ̀dẹ. “Bàbá, èyí tí mo lò léṣìí kò ṣe báyìí. Kí ló ṣe ti ọ̀tẹ̀ yìí?”

Ògúnmọ́dẹdé kò fẹ́ sọ ọ́, nítorí pé yóò dà bí ẹni tó ń di ẹ̀bi ru àlejò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti gba agbára irọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Màrìwò ni a fi ń dá irin líle mọ̀. Mo já a dànù kí o tó dé. Mo rò pé o kò ní fẹ́ rí i.”

Jàlálù wo ìdajì píìnì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Nítorí mi?”

“Nítorí ọ̀wọ̀.”

Ìyá arúgbó kan, Àbọ̀kẹ́, tó ń ta ẹ̀gúsí, ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gbẹ bí ewé. “Ọ̀wọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá,” ó ní. “Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó fẹ́ pa èèyàn kì í gun kẹ̀kẹ́ wá sọ fún un. Jímọ́ọ̀, tú aṣọ bàbá yẹn sílẹ̀.” Ó wá wo Ògúnmọ́dẹdé láti òkè délẹ̀. “Ẹ̀yin, ẹ lọ lu òmíràn. Ọjọ́ tí a bá máa wọkọ̀, ẹ̀yin lẹ ó jókòó síwájú. Bí a bá máa mu omi Ẹ̀rìnlẹ̀, a jọ máa mu ún ni.”

Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni kó rí. Kò sì sẹ́ni tó lè bá Ìyá Àbọ̀kẹ́ jiyàn.

Jàlálù tẹ̀ lé e lọ sí Ìlobù. Nígbà tí wọ́n dé ilé àgbẹ̀dẹ, Ẹfúnróyè ti lọ ṣa gbogbo màrìwò ẹ̀yìn ilé, ó sì ti já tútù sí i. Ó dúró, ó ń wo ojú àlejò.

“Ẹ so wọ́n padà, ìyá,” ni Jàlálù wí. “Kò sí èyí tó máa wọ inú ọkọ̀ mi nínú wọn. Kí irin sì mọ orúkọ ara rẹ̀ ló dáa.”

Wọ́n mú irin kan. Ògúnmọ́dẹdé ti ìdí rẹ̀ bọ iná títí ó fi pọ́n, ó gé e, ó jù ú sómi, ó sì tẹ̀ ẹ́ ní tútù lórí owú lójú Jàlálù. Ó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, kò ṣẹ́. Ìgbà náà ló tó fọwọ́ kan àpótí egungun. Láti ọjọ́ náà títí ó fi fẹ̀yìn tì ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìgbà náà, kò lu píìnì fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ tẹ ìdí irin lójú ẹni tó ni ín. Àwọn awakọ̀ tó ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ rò pé ètùtù ni, àwọn kan tilẹ̀ a máa ṣí fìlà. Nígbà tó bá sì ń lu irin, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀, àní kó jẹ́ ọba.

Ọjọ́ ọjà mìíràn pé. Wọ́n gbé Ògúnmọ́dẹdé jókòó sáàárín Jàlálù àti ilẹ̀kùn, Ìyá Àbọ̀kẹ́ sì jókòó gẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, kí ó lè máa ṣọ́ ọ. Ọkọ̀ gba Ìlobù kọjá. Àwọn ará ilé rẹ̀ jáde wá wò ó, ó nawọ́ sí wọn bí ẹni tó ń re ìrìn àìbọ̀. Gbogbo kòtò tí táyà bá kó sí ni ó ń gbọ́ nínú egungun ara rẹ̀. Ó ń gbọ́ píìnì náà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mọ̀ pé ó dáa, ó tẹ ìdí rẹ̀ fúnra rẹ̀, síbẹ̀ ó ń gbọ́ ọ.

Nígbà tó rí orí afárá lókèèrè, ó di ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà mú. Jàlálù wí “Bísímílà” lábẹ́ èémí, Ògúnmọ́dẹdé sì pe Ògún lábẹ́ tirẹ̀. Pákó afárá bẹ̀rẹ̀ sí í dún lábẹ́ táyà. Alágbẹ̀dẹ tó fi ẹ̀mú mú paramọ́lẹ̀ di ojú rẹ̀ méjèèjì pa. Ó ń dún, ó ń dún, ó wá ṣe bí ẹni pé odò náà kò ní etí kejì.

Ọwọ́ kan tọ́ ọ léjìká láti ẹ̀yìn.

“Bàbá alágbẹ̀dẹ,” ni Ìyá Àbọ̀kẹ́ wí, “ẹ lajú. Ó ti pẹ́ tí a ti kọjá. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ tú ọwọ́ Jàlálù sílẹ̀, kí ó lè rí ọkọ̀ wà.”